Wọ́n Ní Mojọlá Ti Sanra

Láti ìgbà tí òjò ti dá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní agboolé Fájọbí pé Mojọlá ti sanra. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà odò, wọ́n ń sọ ọ́ nídìí odó, Rosine tí ilé rẹ̀ kan tiwọn sì ti sọ ọ́ títí ó fi dà bí orin lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tí gbogbo wọn ń káàánú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún wàyí, ojú rẹ̀ ti rí rọ̀bọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti tóbi débi pé bàtà rọ́bà rẹ̀ kò gbà á mọ́. Kò sunkún mọ́. Kò sáré tẹ̀lé ewúrẹ́ mọ́ náà, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn sí? Ọmọ tó sanra tó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí lẹ tún ń wá?

Fájọbí, bàbá ọmọ, mọ ohun tó fà á, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ewé ilé ni. Mòríńgà ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí, nítorí orúkọ tó wá láti òkèèrè ló ń tà. Fájọbí ti gbìn ín yí oko ẹ̀wà rẹ̀ ká lọ́nà Akparé, ó sì ti fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Ìbíọlá ìyàwó rẹ̀ ló ń já a, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń sá a sórí aṣọ nínú iyàrá nítorí oòrùn kò gbọdọ̀ rí i, òun náà ló ń gún un tó sì ń jọ̀ ọ́ títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Mùsíè Antoine, tó ń polówó rẹ̀ lórí rédíò ní Atakpamé, ló ń wá kó o.

Orí rédíò yẹn ni Fájọbí ti gbọ́ pé ṣíbí ìyẹ̀fun kan ju ife wàrà lọ, ó ju ẹyin lọ, ó ju ẹran lọ, ó ju kárọ́ọ̀tì lọ. Fájọbí kò jẹ kárọ́ọ̀tì rí. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹyin, ó mọ ẹran, ọjọ́ tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ló ti mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ẹyin awó di ti ọjà Anié. Ẹ̀wà di ti ọjà Anié. Ẹja gbígbẹ tó bá wọlé di ti bàbá, nítorí ẹni tó ń kọ ebè ló nílò okun. Ti Mojọlá ni kòkó gbágùúdá láàárọ̀, kòkó gbágùúdá lálẹ́, àti ṣíbí ìyẹ̀fun kan lórí rẹ̀. Kí ló tún kù tí wọn kò fún un? Gbogbo rẹ̀ wà nínú ṣíbí.

Ọjọ́ tí à ń sọ yìí, Mùsíè Antoine ń bọ̀ wá ya fọ́tò Mojọlá. Ó ti sọ ọ́ lórí tẹlifóònù pé fọ́tò ọmọ náà ni yóò wà lára sàṣẹ́ tuntun, ọ̀rá tí wọ́n ń di ìyẹ̀fun náà sí, sàṣẹ́ tí yóò dé Lomẹ́, àti pé Fájọbí ni yóò di aṣojú òun fún gbogbo abúlé láti Glei títí dé Anié. Láti ìgbà tí Fájọbí ti gbọ́ "aṣojú" ni ọrùn rẹ̀ ti ń gùn sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti pa àkùkọ kan, ó ti ka ẹyin awó mẹ́fà fún ìyàwó rẹ̀ pé kó sè wọ́n, ó sì ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kì í wọ̀ àfi lọ́jọ́ ìdìbò.

Ẹ̀yìn ilé ni Ìbíọlá ti ń wẹ ọmọ nígbà tí Pascaline dé. Pascaline yìí, ọmọ abúlé náà ni. Òun ni ilé ìwòsàn yàn láti máa yí ojúlé ká, kó máa wọn apá àwọn ọmọdé, kó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fájọbí ti dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe iṣu tí wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n. Lónìí, ẹ̀yìn ilé ló gbà wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Mojọlá. Ẹ jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ yẹn."

Ìbíọlá rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ ọn lára kí àwọn ènìyàn máa fẹ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. "Ó ti tóbi, àbí? Kò sì tíì tó oṣù mẹ́ta o!"

Pascaline kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan ara rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ òkè rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Kò kún padà. Ó tẹ ẹsẹ̀ kejì, bákan náà ló rí. Mojọlá kò fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kò sì ké. Ó kàn ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni.

"Kí nìyẹn?" Ìbíọlá bi í.

"Omi ni. Kì í ṣe ọ̀rá."

"Omi báwo?"

"Ìyá Mojọlá, ẹ má bínú sí mi. Ebi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìbíọlá bínú. Ìyá wo ni kò ní bínú? Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú ọṣẹ lára. "Ebi kẹ̀? Ọmọ tí mò ń fún lóúnjẹ láàárọ̀ àti lálẹ́? Ṣé ẹ ti gbọ́ pé mo lọ tọrọ oúnjẹ nílé ẹnikẹ́ni?"

"Inú rẹ̀ kún. Mo mọ̀. Gbágùúdá máa ń kún inú. Ṣùgbọ́n ẹ wo irun rẹ̀, ó ti pọ́n. Ẹ wo awọ itan rẹ̀ bó ti ń bó. Ìgbà wo ló ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn?"

Ìbíọlá fẹ́ dáhùn. Ó wá ọjọ́ náà kiri nínú orí rẹ̀, kò rí i.

"Bàbá rẹ̀ ní ewé yẹn ló fún un lókun," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò."

"Ewé náà dára. Mi ò ní purọ́ mọ́ ewé. Èmi náà ń bù ú sínú oúnjẹ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni mò ń bù ú sí, Ìyá Mojọlá. Ẹ bù ú sórí ẹ̀wà, ẹ bù ú sórí ẹja, ẹ po ẹyin mọ́ ọn, ẹ kán epo díẹ̀ sí i, ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá bù ú sórí omi gbágùúdá, kí lẹ fún un? Ṣíbí ewé kan. Ewúrẹ́ tó jẹ nǹkan lára ọgbà yín láàárọ̀ yìí ti jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Pascaline fi ọ̀já ìwọnpá yí apá ọmọ náà po, kò sọ iye tó rí, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì dìde. "Ọpitáàlì Atakpamé ló ń lọ. Lónìí. Kì í ṣe ọ̀la, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wú báyìí kì í gba ìdúró. Ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ sáré fún un ní àkùkọ tó wà nínú ìkòkò yẹn. Inú rẹ̀ kò lè gbà á báyìí. Ọpitáàlì ló mọ wàrà tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ múra, mò ń lọ wá alùpùpù zémìjàn tó máa gbé yín."

Ó jáde. Ìbíọlá jókòó sílẹ̀ lórí òkúta ìwẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ náà tẹ ẹsẹ̀ náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Inú bí i sí àtàǹpàkò rẹ̀, inú bí i sí Pascaline, inú bí i sí rédíò, nígbà tó sì pẹ́ díẹ̀, ìbínú náà rí ibi tó yẹ kó lọ. Ó dìde, ó pọn ọmọ, ó lọ bá ọkọ rẹ̀.

Fájọbí ń gbá iwájú ilé. Ọkùnrin tí kò gbé ìgbálẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gbé e níyàwó, òun ló ń gbá ilẹ̀ fún mọ́tò Mùsíè Antoine.

"Bàbá Mojọlá, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ alùpùpù. À ń lọ sí ọpitáàlì."

"Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Ọmọ yín."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó sì rẹ́rìn-ín. "Èyí? Pascaline ti wá, àbí? Mo rí i bó ti ń yọ́ lọ bí olè. Òun tí àwọn ọmọ rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ó rí ọmọ ọlọ́mọ tó sanra, inú rẹ̀ kò dùn."

"Kò sanra. Omi ni. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí n wá tẹ kí ni? Àbí tòmátì ni?" Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ìbíọlá, gbọ́. Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ láti Atakpamé nítorí ọmọ yìí. Kó dé, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó jẹun, kó lọ. Ọ̀la ni mo máa fi alùpùpù gbé yín lọ síbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ. Ọ̀la ò jìnnà."

"Pascaline ní kì í ṣe ọ̀la."

"Ṣé Pascaline ló fẹ́ ọ ni, àbí èmi?"

Ó fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì fi ọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́. Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn. Rosine ti yọjú láti ojú ọgbà, ó ti ya ewé sí ọ̀tún àti sí òsì kó lè ríran dáadáa.

"Ẹ gbọ́ ná," Rosine ní, "ọmọ tó sanra báyìí lẹ fẹ́ gbé lọ sí ọpitáàlì? Kí àwọn tó wà níbẹ̀ máa fi yín rẹ́rìn-ín? Ojú ayé ló ń mú un. Gbogbo wa la ti ń wò ó jù."

"Rosine, ẹ padà sẹ́yìn ọgbà yín," Ìbíọlá ní. Kò pariwo rárá, ṣùgbọ́n Rosine jẹ́ kí ewé náà padà bò ó.

Ìyá Fájọbí, ìyá arúgbó tó ń gbé iyàrá tó kọjú sí ilé ìdáná, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Òun ni kì í jẹ́ kí ọmọdé kankan jẹ ẹyin ní agboolé náà. Ó ní ọmọ tó bá ti tọ́ ẹyin wò yóò di olè, nítorí adùn rẹ̀ kò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí kò bá sì rí i rà yóò jí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọ́ Fájọbí. Fájọbí kò jẹ ẹyin ní kékeré. Ó ti ń jẹ ẹ́ báyìí, méjì-méjì, kò sì sí ẹni tó pè é lólè.

Pascaline padà dé ní bíi aago mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Ó ní òní ni ọjọ́ ọjà Anié, gbogbo zémìjàn ti kó èrò lọ, ẹyọ kan tó kù, táyà rẹ̀ ti jò. Ó ti pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní mọ́tò wọn wà ní òpópónà pẹ̀lú aboyún kan. Ó ní òun ń lọ dúró sí oríta bóyá ẹnìkan á kọjá. Ó tún fọwọ́ kan iwájú orí Mojọlá kó tó lọ. Orí náà tutù.

Ìbíọlá wọ ilé ìdáná. Àkùkọ ń hó nínú ìkòkò ńlá, ẹyin awó mẹ́fà ń lu ara wọn nínú ìkòkò kékeré, ilé ìdáná náà kún fún òórùn oúnjẹ tí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀ ju òórùn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó gbé ìkòkò mìíràn ka iná, ó bu omi sí i, ó po ìyẹ̀fun gbágùúdá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rò ó.

"Ta lò ń ro kòkó fún?" Ìyá arúgbó bi í láti ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ ti mu tirẹ̀."

"Fún àlejò, Ìyá."

"Àlejò wo?"

"Àlejò tó ń bọ̀. Òun àti ọmọ yín."

Ìyá arúgbó wo ìkòkò kòkó, ó wo ìkòkò àkùkọ, ó wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ti ń múra láti kígbe. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé igbe rẹ̀ máa ń dé Akparé. Ṣùgbọ́n Ìbíọlá sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé ìyá arúgbó lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin nìkan. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, tẹ́ ẹ bá ní kí n bu àkùkọ fún wọn, mo máa bù ú."

Ìyá arúgbó tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti gbó, ó le, ojú ibi tó tẹ̀ sì jìn ju ti Pascaline lọ. Ó ń wò ó. Ó wò ó títí kòkó fi bẹ̀rẹ̀ sí jóná nídìí ìkòkò.

"Ẹsẹ̀ Ògúnyínká rí báyìí," ó ní nígbà tó yá. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Gbogbo wa ní ó sanra. Mo fi hàn kiri. Àárọ̀ ọjọ́ tó kú gan-an, mo fi hàn àwọn ará odò."

Ìyá arúgbó gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó gbé ìkòkò àkùkọ kúrò lórí iná, ó gbé e lọ sínú iyàrá ara rẹ̀. Ó padà wá gbé ẹyin. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà iyàrá náà, ó jókòó, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí bó ẹ̀gúsí. Kò sí ẹni tó lè wọlé àfi tó bá gbé e kúrò.

Aago méjìlá kọjá kí mọ́tò tó dé. Mọ́tò funfun, tí wọ́n ya àwòrán ewé sí lára, páálí sàṣẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mùsíè Antoine sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé rédíò ṣì wà ní títàn níwájú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aymar ló gbé ẹ̀rọ ìyafọ́tò tẹ̀lé e. Àwọn ará àdúgbò pé jọ. Fájọbí ti fi àga méjì sábẹ́ igi máńgòrò, ó ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ń yọ àyọ̀pọ̀rá.

"Ọmọ wa dà?" Mùsíè Antoine ní. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mo gbọ́ ìròyìn rẹ̀ dà?"

"Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná, Mùsíè. Ọ̀nà jìn. Ìbíọlá! Gbé oúnjẹ wá!"

Ìbíọlá gbé e wá. Ó pọn ọmọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àtẹ. Ó gbé abọ́ kan síwájú Mùsíè Antoine, ó gbé ọ̀kan síwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé ọ̀kan síwájú Aymar. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn pé wọ́n kú ọ̀nà, ó sì ṣí abọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkó gbágùúdá ni. Ṣíbí ìyẹ̀fun ewé kan wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, kò dín, kò lé.

Lẹ́yìn ọgbà, Rosine sọ pé "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Àkùkọ dà?" Fájọbí ní, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

"Ohun tó wà nínú àkùkọ ló wà nínú rẹ̀," Ìbíọlá ní. "Ohun tó wà nínú ẹyin náà wà níbẹ̀. Wàrà wà níbẹ̀. Kárọ́ọ̀tì wà níbẹ̀. Ohun tí Mojọlá ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́ láti oṣù mẹ́ta nìyí, Mùsíè. Ẹ jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ lè sanra."

"Ìbíọlá!"

"Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ o. Ó máa ń jó èèyàn lẹ́nu."

Mùsíè Antoine rẹ́rìn-ín, ó wo Aymar kó bá òun rẹ́rìn-ín. Aymar ń wo inú abọ́ rẹ̀. "Madáàmù fẹ́ràn àwàdà," Mùsíè ní. "Dakọ́ọ̀, ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò ná, oòrùn ń lọ. Ẹ gbé ọmọ wá síbí."

"Mo ti gbé e wá." Ìbíọlá sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé e jókòó sórí tábìlì láàárín abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú Aymar. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbé ọwọ́ kúrò. "Ẹ ya ibí yìí. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ ya bó ti jìn. Ẹ yí i padà, ẹ ya awọ itan rẹ̀. Ẹ fi í sára sàṣẹ́, kó dé Lomẹ́."

Àwọn ará àdúgbò ti sún mọ́ tòsí. Àwọn obìnrin tó ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn, tí wọ́n ti yìn ín, ń na ọrùn. Obìnrin kan lẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra tẹ ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀. Gbogbo wọn rí i bó ti ń ṣe é.

"Madáàmù," Mùsíè Antoine ní, kò rẹ́rìn-ín mọ́, "èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ fi rọ́pò oúnjẹ. Ó wà lára sàṣẹ́. A kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ ó rí i, lẹ́tà kékeré, nísàlẹ̀."

"Ẹ ò sọ lẹ́tà kékeré lórí rédíò."

Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀ láìmí wo aago ọwọ́ rẹ̀. "A óò padà wá nígbà mìíràn," ó ní fún Fájọbí, ó sì dìde.

Ìbíọlá ti gbé ọmọ kó tó dìde tán. Kò sáré. Ó rìn kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó rìn kọjá lára àwọn obìnrin, ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò funfun náà, ó wọlé, ó gbé ọmọ lé itan, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Páálí kan ń gún un níhà, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Sọ̀kalẹ̀!" Fájọbí ti dé ojú fèrèsé. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tutù fún òógùn. "Ṣé o fẹ́ tẹ́ mi ni? Sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò olówó!"

"Mi ò sọ̀kalẹ̀."

"Mo ní ọ̀la!"

"Ẹ lọ lọ́la yín. Àwa ń lọ lónìí. Mùsíè wá nítorí ọmọ yìí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ sọ? Atakpamé náà ló ń padà sí. Kó gbé e lọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀, ẹ wá fà mí níwájú gbogbo ènìyàn, kí Aymar ya fọ́tò ìyẹn náà."

Fájọbí nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó nawọ́ síbẹ̀ dájú, gbogbo wọn rí i. Láti ẹnu ọ̀nà iyàrá rẹ̀, ìyá rẹ̀ pè é. Kò kígbe. Orúkọ tó sọ ọ́ ní kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́, ló fi pè é.

"Wọ mọ́tò," ó ní. "Jókòó ti ọmọ rẹ."

Ọwọ́ Fájọbí wà lára ilẹ̀kùn síbẹ̀. Mùsíè Antoine ń wo gbogbo ojú tó ń wò ó, ó ń ṣírò ohun tí yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti Glei títí dé Anié bó bá fa obìnrin àti ọmọ aláìsàn sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n ya ewé sí lára. Ó jókòó sídìí ìwakọ̀. Ó ní kí Aymar kó páálí méjì sílẹ̀ kí àyè lè gba bàbá ọmọ. Fájọbí sì wọlé.

Wọ́n rí Pascaline ní oríta, ó ṣì ń nawọ́ sí àwọn mọ́tò tó ń kọjá. Ó ti ń gbé ọwọ́ wálẹ̀ nígbà tó rí ẹni tó wà nínú ti funfun. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó fa ìwé kan ya nínú ìwé rẹ̀, ó kọ ohun tó wọ̀n sí i, ó fi lé Ìbíọlá lọ́wọ́ láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ fún wọn ní èyí bẹ́ ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni tò." Láti ibẹ̀ dé Atakpamé, Mùsíè Antoine kò tan rédíò. Ìbíọlá ń fi etí sí bí ọmọ ti ń mí, ó ń kà á, bó bá ti pẹ́ díẹ̀ kí èémí mìíràn tó dé, ó máa ń fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ní ọpitáàlì, ìwé Pascaline ṣiṣẹ́. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lé orí ìwọ̀n, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ wò, wọ́n sì fi ife kékeré bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní wàrà kan, díẹ̀ díẹ̀. Mojọlá gbé e mì. Ó ké nígbà tí wọ́n gbé ife náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, igbe tínínrín kan, Ìbíọlá sì jókòó sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ti gbọ́ igbe yẹn kẹ́yìn?

Nọ́ọ̀sì obìnrin kan tó ti dàgbà wá jókòó níwájú wọn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ orí, ó kọ abúlé. Àwọn ìyá mẹ́rin mìíràn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tiwọn lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ yìí ṣì wà nínú ewu," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù. Ṣùgbọ́n ó ń gbé e mì, ìyẹn dára. Ká ní ẹ dúró di ọ̀la, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ." Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Kí ló ń jẹ nílé?"

Ìbíọlá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ bi bàbá rẹ̀," ó ní. "Òun ló ń pín in."

Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí Fájọbí. Fájọbí gbá ọwọ́ mú lórí orúnkún. "Kòkó," ó ní. "Kòkó gbágùúdá. Àti ewé ilé. Mòríńgà."

Nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́. "Ewé yẹn dára," ó ní láìgbé orí sókè. "Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú…" Fájọbí ní.

Bírò dúró lórí ìwé. Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè, ó ń retí. Àwọn ìyá mẹ́rin náà yíjú sí i. Fájọbí wo ìyàwó rẹ̀, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá nǹkan kan sọ, ohunkóhun, ẹ̀wà díẹ̀, ẹja díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ omi ọbẹ̀. Ìbíọlá ń wò ó padà. Kò bá a sọ nǹkan kan.